Ṣé ọkọ̀ hybrid yẹ ẹni tí kì í wakọ̀ ju kìlómítà 40 lọ lọ́sẹ̀?

Ìyá Olùkọ́, Ìbàrà

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ bá mi gbé e yẹ̀ wò kí n tó náwó sí i. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, láti ìgbà náà ni ibi tí mò ń wakọ̀ lọ kò ti pọ̀ mọ́: ọjà Kútọ̀ níbí ní Abẹ́òkúta láàárín ọ̀sẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú, ọ̀dọ̀ àbúrò mi ní Ọ̀bántókò nígbà mìíràn, àti ilé ìwòsàn ní Ìdí-Aba lẹ́ẹ̀kan lóṣù, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìfúnpá mi wò. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọ ohun tí mítà ọkọ̀ mi ń kà sílẹ̀, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tó kọjá kìlómítà 40.

Toyota Corolla ọdún 2005 ni mò ń lò, tòkunbọ̀ ni mo sì rà á. Ara rẹ̀ ti ń di ara àgbà. Rédíétọ̀ rẹ̀ ń jò, éèsì rẹ̀ kò sì tutù mọ́. Ọmọkùnrin mi tó wà ní Èkó ní kí n tà á, kí òun fi owó kún un, kí a fi ra Toyota Prius ọdún 2010 kan tí òun ti rí, ọkọ̀ hybrid tí ń lo epo pọ̀ mọ́ iná bátìrì, nítorí pé láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ẹni tó bá wọ ilé epo kì í fi ọkàn balẹ̀ jáde. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọkọ̀ mi máa ń dúró sí àgbàlá fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí n tó tún ṣí i, bí mo bá sì lọ bá àwọn ọmọ-ọmọ mi ṣeré, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án. Ṣé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ irú mi?

Rẹwáyà, Lafẹ́nwá

Ẹ kú ọ̀rọ̀, mà. Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni mò ń ṣe, ó sì ti pẹ́ tí hybrid ti ń wọ ọgbà mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná, torí inú àlàyé náà ni ìdáhùn yín wà.

Prius ní ẹ́ńjìnì tí ń lo epo bẹntiróò, ó tún ní ẹ̀rọ iná tí bátìrì ńlá kan ń fún lágbára. Ẹ̀yìn àga ẹ̀yìn ni bátìrì ńlá náà wà. Nínú ti ọdún 2010 tí ọmọ yín rí, ègé 28 ni wọ́n tò pọ̀ di bátìrì kan, fólítì 7.2 ni ègé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ fólítì 201.6. Nígbàkigbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ iná yẹn yóò di jẹnẹrétọ̀, agbára tí ìbá ṣòfò sára pádì bíréèkì ni yóò sì padà sínú bátìrì. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ náà fi máa ń ṣọ́ epo lò jù lọ níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró tí ó tún ń lọ. A kì í fi iná ilé gba agbára sí i, epo tí ẹ rà àti bíréèkì tí ẹ tẹ̀ ni gbogbo agbára rẹ̀ ti wá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé bátìrì kejì wà níbẹ̀, kékeré, oní fólítì 12, nínú búùtù lápá ọ̀tún. Òun ló ń jí kọ̀ǹpútà ọkọ̀, òun ló sì ń ṣí ọ̀nà fún bátìrì ńlá. Bí ó bá kú, ọkọ̀ kò ní tàn, bí bátìrì ńlá tilẹ̀ kún dẹ́nu. Bátìrì yìí kéré sí ti Corolla yín, kọ̀ǹpútà àti ilẹ̀kùn tí ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ olówó rẹ̀ sì ń mu iná rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ wà ní ìdúró. Nínú àwọn hybrid tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ìdúró gígùn, àìsàn tí mo bá pàdé jù lọ nìyí. Ó dùn mí láti sọ pé àwọn kan ti sanwó bátìrì ńlá lọ́wọ́ àwọn tí kò yẹ ọkọ̀ wọn wò dáadáa. Mo rántí ìyá kan tí wọ́n ti gba àsansílẹ̀ owó lọ́wọ́ rẹ̀ níbì kan, bẹ́ẹ̀ kékeré inú búùtù nìkan ló kú.

Ní ti bátìrì ńlá, agbára rẹ̀ máa ń dínkù fúnra rẹ̀ bí ó bá jókòó. Ìwé ìtọ́ni Toyota sọ pé kí ẹni tí kì í lò ó púpọ̀ rí i dájú pé òun wà á lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù díẹ̀, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú 30 tàbí kìlómítà 16. Nítorí náà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tó láti pa bátìrì tí ara rẹ̀ dá. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ọdún 2010 kì í ṣe ọmọdé. Àwọn ègé 28 yẹn kò lágbára bákan náà mọ́, ìjókòó sì máa ń mú kí àìdọ́gba wọn pọ̀ sí i: ègé tó ti rẹ̀ yóò ṣáájú àwọn yòókù gbẹ, òun ni yóò sì fa gbogbo wọn lulẹ̀. Ọkọ̀ yìí kò tún ní sítátà bíi ti Corolla. Bátìrì ńlá ni ó ń yí ẹ́ńjìnì kó tó tàn. Bí ó bá gbẹ pátápátá, ẹ kò lè fi wáyà gba iná lára ọkọ̀ aládùúgbò fún un.

Olùṣirò Owó, Òkè-Ìlẹ̀wọ̀

Ìyá wa, mo kí yín. Mo fẹ́ fi iye sí ọ̀rọ̀ tí Rẹwáyà sọ, nítorí pé owó epo ni ọmọ yín ń rò, owó epo náà ni ó yẹ kí a fi wọ̀n ọ́n.

Kìlómítà 40 lọ́sẹ̀ jẹ́ kìlómítà 2,080 lọ́dún. Nínú ìdánwò tí ìjọba Amẹ́ríkà máa ń gbé jáde, irú Corolla yín ń lo nǹkan bí lítà 8 fún kìlómítà 100, Prius ọdún 2010 kò sì tó lítà 5. Mo fi 8 àti 5 ṣe é kí ó lè rọrùn. Corolla yóò lo nǹkan bí lítà 166 lọ́dún, Prius yóò lo lítà 104. Lítà 62 ni ìyàtọ̀ wọn. Ká ní lítà kan jẹ́ 900 náírà, 55,800 náírà ni Prius yóò fi pamọ́ fún yín láàárín ọdún kan gbáko, èyí tí kò tó 5,000 náírà lóṣù.

Owó gidi ni, n kò fojú kéré rẹ̀, pàápàá fún ẹni tí ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Síbẹ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí ọmọ yín fẹ́ fi kún owó Corolla kí ẹ tó lè gba Prius náà. Ẹ tún gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye bátìrì ńlá, èyí tó yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni kan sí ẹlòmíràn, àmọ́ tí kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni yóò ti tà á fún yín ní iye ìfipamọ́ ọdún kan, tàbí ti ọdún mẹ́ta pàápàá. Àwọn tó ra tuntun ní Amẹ́ríkà nígbà náà ní ìdánilójú ọdún mẹ́jọ tàbí máìlì 100,000 lórí bátìrì wọn. Ọdún mẹ́jọ ti kọjá lórí èyí tí ẹ fẹ́ rà, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ó máa dá gbèsè rẹ̀ gbé.

Onítakisí, Pánsẹ́kẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ fún mi láyè kí n gba ibẹ̀ wọlé. Máíkírà ni mò ń fi ṣe takisí, láti Pánsẹ́kẹ́ sí Àṣerò, sí Ọ̀bántókò, nígbà mìíràn dé Osíẹ̀lẹ̀. Mò ń wa nǹkan bí kìlómítà 150 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Olùṣirò, ẹ bá mi fi ìṣirò yẹn wo tèmi, torí epo ni ó ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo bá pa.

Olùṣirò Owó, Òkè-Ìlẹ̀wọ̀

Àbúrò mi, bí o bá ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 50 lọ́dún, kìlómítà 45,000 ni. Bí Máíkírà rẹ bá ń lo lítà 8 fún kìlómítà 100, ìyàtọ̀ rẹ̀ àti Prius yóò tó lítà 1,350 lọ́dún, ìyẹn 1,215,000 náírà lórí 900 náírà kan náà. Ọkọ̀ kan náà ni, epo kan náà ni, ìlú kan náà sì ni. Ohun tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń rìn lójúmọ́ ló mú kí ti Ìyá wa jẹ́ 55,800, kí tìrẹ sì kọjá mílíọ̀nù kan.

Nọ́ọ̀sì, Ìdí-Aba

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín kọjá bó ṣe yẹ. Camry hybrid ọdún 2008 ni mo ní, iṣẹ́ mi sì sún mọ́ ilé débi pé èmi náà kì í rin jìnnà. Láti ọdún 2018 ni mo ti ń lò ó, bátìrì ńlá tí mo bá nínú rẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀.

Ìtọ́jú ni àṣírí rẹ̀. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń gbé e gba ọ̀nà Ṣágámù fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kí n tó padà sílé, bí n kò tilẹ̀ ní iṣẹ́ kankan lọ́nà ibẹ̀. Èkejì ni afẹ́fẹ́. Bátìrì ńlá máa ń gbóná, inú ọkọ̀ sì ni ó ti ń fa afẹ́fẹ́ tútù. Nínú Camry tèmi, ihò tí ó fi ń mí wà lórí pèpéle abẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn. Nínú Prius, ẹ̀gbẹ́ àga ẹ̀yìn ló wà. Ẹni tó bá kó ìwé, aṣọ tàbí àpò ọjà bo ihò yẹn ti fún bátìrì rẹ̀ lọ́rùn. Ìgbà ọyẹ́, tí eruku kò jẹ́ kí a rí òkè Olúmọ dáadáa, ni mo máa ń jẹ́ kí wọ́n tú fáànù ibẹ̀ kí wọ́n sì gbá a mọ́, nítorí pé eruku àti òwú aṣọ máa ń dì mọ́ ọn lára.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu kàn. Ẹ̀rọ éèsì hybrid tèmi ń fi iná bátìrì ṣiṣẹ́, kò dúró de ẹ́ńjìnì. Nígbà tí bàbá mi ń ṣàìsàn, a máa ń dúró nínú ọkọ̀ de àkókò tí dókítà yóò rí wọn, éèsì ń fẹ́, ẹ́ńjìnì sì ń tàn fún ìgbà díẹ̀ nìkan láti dá agbára padà, kó tó tún kú. Ìtura tí ìyẹn fún bàbá mi kò ṣeé fi lítà epo wọ̀n. Bí ẹni tó ń dúró de dókítà bá wà nínú ìdílé yín, ẹ kà á mọ́ ọn.

Rẹwáyà, Lafẹ́nwá

Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì tọ̀nà, bí gbogbo ènìyàn bá sì tọ́jú hybrid bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ mi yóò dínkù. Àmọ́, kí Ìyá wa wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Epo tí wọ́n ń sun ní gbogbo Àbámẹ́ta láti fi dá bátìrì lára yá, inú epo tí ọkọ̀ náà ń fi pamọ́ ni yóò ti jáde. Ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́nà Ṣágámù kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí kò ní iṣẹ́ níbẹ̀ yóò máa ra epo nítorí ọkọ̀, kì í ṣe nítorí ara rẹ̀.

Ohun mìíràn ni ìrìn kúkúrú. Nígbà tí ẹ bá tan Prius tó ti tutù, ẹ́ńjìnì rẹ̀ yóò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kí ara rẹ̀ àti páìpù èéfín lè móoru, kódà bí bátìrì bá kún. Láti Ìbàrà dé Kútọ̀, ẹ lè ti dé kí ẹ́ńjìnì náà tó móoru dé ibi tí yóò ti máa kú fúnra rẹ̀ bó ṣe yẹ. Lítà 5 tí ẹ̀gbọ́n wa fi ṣírò kò ní jẹ́ 5 fún ìrìn bẹ́ẹ̀. Ti Corolla náà yóò kọjá 8 lórí ìrìn kúkúrú kan náà, n kò sẹ́ ìyẹn, ìyàtọ̀ ṣì wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe retí iye tí wọ́n kọ sórí ìwé.

Akẹ́kọ̀ọ́, Àlábàtà

Ẹ dákun, ṣé hybrid tí wọ́n ń fi iná ilé gba agbára sí kò ní dára jù fún Màmá? Ìrìn wọn kúrú, wọ́n lè lo iná nìkan láìfọwọ́ kan epo.

Rẹwáyà, Lafẹ́nwá

Èrò rere ni, lórí ìwé ó bá irú ìrìn wọn mu ju hybrid lásán lọ. Ìṣòro rẹ̀ ní àdúgbò wa ni pé ó nílò iná tó dúró fún wákàtí mélòó kan, bí ẹ bá sì ní láti tan jẹnẹrétọ̀ kí ọkọ̀ lè mu iná, epo ni ẹ tún padà sí, èyí tó ti gba ọ̀nà gígùn ṣòfò kó tó dé inú bátìrì. Owó rẹ̀ tún ga ju ti Prius lọ. Ó sì ṣì ní táǹkì epo, epo tó bá jókòó sínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìlò máa ń bàjẹ́.

Ọmọ Ìyá Olùkọ́, Èkó

Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Èmi ni mo dá èrò náà fún Màámi. Hybrid ni èmi ń wà, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó ni mo sì ti ń lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́, ibi tí ọkọ̀ ti ń rìn ìṣísẹ̀ mẹ́ta tí ó ń dúró. Ohun tó ṣe mí lóore ni mo rò pé yóò ṣe wọ́n lóore, n kò sì jókòó ṣe ìṣirò kìlómítà wọn. Ìyẹn kù díẹ̀ káàtó lọ́wọ́ mi.

Màámi, bí ẹ bá fẹ́, ẹ jẹ́ kí a fi díẹ̀ nínú owó tí mo fẹ́ fi kún un tún Corolla ṣe, kí ìyókù wà nílẹ̀ fún oògùn ìfúnpá yín àti fún ìrìn àjò. Bí ẹ bá ń bọ̀ wá kí àwọn ọmọ, ẹ máa wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdó Wọlé Ṣóyínká ní Láderin, tí wọ́n ṣí pẹ̀lú ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ní oṣù Kẹfà ọdún 2021. N ó máa wá pàdé yín ní Ẹ̀búté Mẹ́tta. Ẹ kò ní láti bá ọkọ̀ àjàgbé du ọ̀nà láti Ìfọ̀ dé Sango mọ́.

Ìyá Olùkọ́, Ìbàrà

Ọkọ mi, o ṣeun. N kò rí àṣìṣe kankan nínú ohun tí o ṣe. Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti pinnu: n óò dúró ti Corolla mi. Rẹwáyà, kí ni kí n tún ṣe sí i, tí kò fi ní máa ṣàìsàn nítorí ìjókòó rẹ̀? Mo rí i pé ìjókòó kò dára fún ọkọ̀ èyíkéyìí.

Rẹwáyà, Lafẹ́nwá

Òótọ́ ni, mà, gbogbo ọkọ̀ ni ìjókòó ń bà jẹ́. Iye tí àtúnṣe ń gbà ló yàtọ̀. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ rédíétọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kàn lẹ̀ ẹ́, nítorí bí omi bá tán nínú rẹ̀ lọ́nà, ẹ́ńjìnì lè jóná. Ẹ ní kí wọ́n wá ibi tí gáàsì éèsì ti ń jò kí wọ́n tó rọ òmíràn sí i.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí ìrìn rẹ̀ kúrú. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń dúró de kìlómítà 5,000 kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, ó sì lè gbà yín ju ọdún méjì lọ kí ẹ tó rìn ín. Nínú ìrìn kúkúrú, ẹ́ńjìnì kì í gbóná tó láti lé omi tó kóra jọ sínú ọ́ìlì jáde. Nítorí náà, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni kí ẹ máa kà, kí ẹ gbàgbé kìlómítà. Táyà náà ní ọjọ́ orí: ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tí kò rìn kò ní jẹ tán, àmọ́ rọ́bà rẹ̀ yóò gbó, yóò sì máa sán. Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ yọ orí bátìrì kan kúrò. Nígbà tí ẹ bá dé, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò kí ẹ tó tan ọkọ̀, torí eku fẹ́ràn wáyà ọkọ̀ tó wà ní ìdúró.

Lẹ́yìn náà, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ sí Ọ̀bántókò, ẹ jẹ́ kí ìrìn náà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tó gùn, kí ẹ ti ibẹ̀ ya ọjà. Ìrìn gígùn kan sàn fún ẹ́ńjìnì ju kúkúrú mẹ́ta lọ.

Onítakisí, Pánsẹ́kẹ́

Bọ̀ọ̀dá Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Prius tí ẹ rí yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á? Bí Màmá kò bá rà á mọ́, èmi yóò fẹ́ wò ó. Ẹ̀gbọ́n Rẹwáyà, kí ni kí n fojú sí lára rẹ̀?

Ọmọ Ìyá Olùkọ́, Èkó

Ó ṣì wà. Mo ti bá a sọ̀rọ̀, ó ní òun lè gbé e wá sí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Rẹwáyà, Lafẹ́nwá

Kí ọkọ̀ náà sun Abẹ́òkúta mọ́jú, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tàn án kí n tó dé. Àwọn Prius ọdún 2010 sí 2015 ní àìsàn kan tí àwa tí ń tún wọn ṣe mọ̀: èéfín dúdú máa ń di ọ̀nà kan nínú ẹ́ńjìnì wọn, bí ó bá sì pẹ́, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì lè lọ. Bí ẹ́ńjìnì bá tutù, tí ẹ tàn án, tí gbogbo ara ọkọ̀ sì ń gbọ̀n rìrì fún ìṣẹ́jú kan kó tó dúró jẹ́ẹ́, ẹ má rà á. Ẹni tó bá ti mú un móoru sílẹ̀ kó tó pè yín lè ti bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni n óò fi ẹ̀rọ kà á bóyá kóòdù P0A80 wà, èyí tí ń sọ pé bátìrì ńlá ti rẹ̀. Àwọn kan máa ń pa kóòdù yẹn rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tajà, ìdí nìyẹn tí a ó fi wà á fún ìṣẹ́jú 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀, láti Lafẹ́nwá gun òkè dé Òkè-Ìlẹ̀wọ̀ kí a tó padà. Lójú ọ̀nà, ìwọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, kí o má sì gbójú kúrò lára àwòrán bátìrì tó wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ó bá ń ti kíkún bọ́ sí òfìfo láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí ó sì tún yára kún, àwọn ègé inú rẹ̀ ti lọ. Má fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn èyíkéyìí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, inú wọn ni iná tí ń pa ènìyàn ń gbà. Aago méje àárọ̀ ni n óò ti wà níbẹ̀.